Ọ̀WỌ̀ TÍ Ó TỌ́ SÍ ÀWỌN TÍ Ó PẸ́ NÍDÌÍ IṢẸ́ ÌWÒSÀN

Ó ti di àṣà ní àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá ilẹ̀ wa, ìbáà ṣe ti ìjọba àpapọ̀, ìbáà ṣe ti ìpínlẹ̀ tàbí ti àwọn ìjọ Ọlọ́run, pé bí ọdún bá ti ń kógbá sílé, àwọn aláṣẹ a yan ọjọ́ kan sọ́tọ̀, wọn a pa àtíbàbà sí ọgbà, wọn a sì pe àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti lo ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, tàbí márùndínlógójì nídìí iṣẹ́ jáde níwájú ẹbí àti ọ̀rẹ́, kí wọn ó lè gba ìwé ẹ̀rí, àwo ìrántí, aago ara ògiri tàbí fáànù kan lọ sílé. A kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà yìí. Àwọn baba wa ni wọ́n sọ pé yin ni yin ni, kí ẹni ó lè ṣe òmíràn. Àwọn náà ni wọ́n sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ohun tí ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé, bí a ti ń wo àwọn àjọyọ̀ wọ̀nyí láti ọdún dé ọdún, ó hàn sí wa pé iye ọdún tí òṣìṣẹ́ lò ni a ń kà, a kò ka ohun tí ọdún wọ̀nyí kó jọ sí i lọ́wọ́.

Ohun tí ọdún ń kó jọ síni lọ́wọ́ yìí ni a lè fi wé àkísà, òwe wa kò sì fi àkísà ṣe ohun ìtìjú, nítorí bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kó jọ ni ìmọ̀ tí a kò lè rí kà nínú ìwé. Owó ará ìlú ni a fi rà á, ara àwọn aláìsàn ni a ti kọ́ ọ, nítorí náà ohun ìní gbogbo ìlú ni. Ìlú tí ó bá fi àwo ìrántí sin ẹni tí ó ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, tí kò gba ìmọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó lọ, tí kò sì kó ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un bí ó ti ń lọ, kò tíì bu ọlá fún un. Ó kàn dágbére fún un ni.

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí pípẹ́ nídìí iṣẹ́ ìwòsàn ti ṣe fún ilẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a ti Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀. Ní Lántọ́rọ̀, níbi tí Ilé Ìwòsàn Sacred Heart wà títí di òní, ọdún 1895 ni àwọn àlùfáà Àgùdà dá ibi ìtọ́jú aláìsàn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì kà á sí ilé ìwòsàn tí ó dàgbà jù lọ ní Nàìjíríà. Fadá Jean-Marie Coquard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù níbẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí pé ó mọ̀ ju gbogbo oníṣègùn ayé lọ, bí kò ṣe nítorí pé ó dé, ó sì jókòó ti iṣẹ́: títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a ní ọdún 1933, lábẹ́ Olúmọ ni ó wà, tí ó ń wẹ egbò fún ẹni tí egbò dà láàmú, tí ó sì ń tọ́jú adẹ́tẹ̀ tí ará ilé rẹ̀ ti sá fún.

Ní Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé ẹ̀wẹ̀, nígbà tí ẹ̀kọ́ ìṣègùn bẹ̀rẹ̀ ní University College ní ọdún 1948, Ilé Ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò fún ẹ̀kọ́ náà, kí òfin tó dá University College Hospital (UCH) sílẹ̀ ní ọdún 1952, kí wọ́n sì tó ṣí ilé náà ní gbangba ní ogúnjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 1957. Ilé ńlá tí ó wà ní Orítamẹ́fà yìí kò fi bíríkì àti sìmẹ́ńtì di ilé tí àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn gbé aláìsàn wá. Àwọn tí wọ́n dúró sínú rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Olóyè Kofoworola Abeni Pratt, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí ó padà wá sílé ní àárín àwọn ọdún 1950, tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí sístà nínú wọ́ọ̀dù, tí ó sì ń ti ipò kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò jẹ mátírọ́ọ̀nù UCH, kí ó tó di olórí gbogbo nọ́ọ̀sì fún ìjọba àpapọ̀. Nígbà tí àwọn ará Ìṣẹrì fẹ́ dá a lọ́lá ní ọdún 1975, wọn kò fún un ní aago ara ògiri: oyè Ìyá Ilé Àgbo ni wọ́n fi jẹ, oyè tí ó bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mu.

Ṣùgbọ́n ìtàn Ìmẹ̀sí-Ilé ni ó mú ọ̀rọ̀ wa yé jù. Dókítà David Morley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó wá sí Ilé Ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní ọdún 1956, dá ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní ìlú kékeré yìí. Ibẹ̀ ni káàdì tí a fi ń wo bí ọmọ ti ń wúwo sí i lóṣooṣù ti tàn dé ilẹ̀ púpọ̀ káàkiri ayé. Bí ọdún márùn-ún ni dókítà náà lò kí ó tó padà sí ìlú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé títí láé, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n ń gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, tí wọ́n ń fi èdè tí ìyá ọmọ gbọ́ ṣàlàyé fún un pé ògì nìkan kò lè mú ọmọ ta kébé, àwọn kò ní ìlú mìíràn tí wọn yóò padà sí. Nígbà tí ọlọ́gbọ́n àlejò ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ, ọwọ́ wọn ni iṣẹ́ kù sí. Ìwé kì í sábà dárúkọ irú wọn, òun ni a sì fi ń sọ pé ọjọ́ tí a bá yà sọ́tọ̀ fún wọn, kò yẹ kí a fi ṣeré.

Kí wá ni ọgbọ̀n ọdún ń kọ́ ènìyàn nínú wọ́ọ̀dù? Ẹ wo ìyá agbẹ̀bí kan ní agogo mẹ́ta òru, nígbà tí aboyún ń rọbí, tí ohun gbogbo tí a kọ sínú fáìlì rẹ̀ sì fi hàn pé àlàáfíà ni. Ìyá yìí á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí aboyún náà, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí ikùn rẹ̀, á gbé ìwo tí a fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé e, á tẹ́tí, á tún tẹ́tí, á sì sọ fún nọ́ọ̀sì kékeré tí ó dúró tì í pé, "Lọ jí dókítà. Ó ti ń rẹ ọmọ yìí." Ẹ̀jẹ̀ kò tíì dà, aboyún kò tíì figbe bọnu, ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ìyá yìí ń kánjú ni, ṣùgbọ́n kí dókítà tó fọwọ́ nu ojú oorun, omi ti ń kán wọ inú iṣan aboyún náà, wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, àwọn tí ó wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ sì ti gbọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun ó wọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìwé ilé ìwòsàn yóò kọ ọ́ pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún aboyún kan, tìyá tọmọ sì yè. Kò sí ibi tí a ó kọ ọ́ sí pé àtẹ́lẹwọ́ àgbà kan ni ó kọ́kọ́ mọ̀.

Ìmọ̀ irú èyí kò sì pin sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì àti dókítà. Akọ̀wé yàrá fáìlì tí ó ti pẹ́ mọ̀ pé ẹni tí ń jẹ́ Àdùkẹ́ lónìí ni wọ́n kọ ní Ràbíátù ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè jẹ́ pé inú fáìlì àtijọ́ náà ni a kọ ọ́ sí pé oògùn kan wà tí ara obìnrin náà kò gbà. Obìnrin tí ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù mọ aláìsàn tí kò jẹun láti àná nítorí pé ará ilé rẹ̀ kò yọjú, ó sì máa ń mọ̀ ọ́n kí sístà tó mọ̀. Ọkùnrin tí ń tọ́jú òkú mọ bí a ti í dá ọmọ tí ó wá gbé baba rẹ̀ dúró díẹ̀, kí ó bá a tún ojú baba náà ṣe kí ọmọ tó rí i. Ẹni tí ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ mọ ìró tí ẹ̀rọ ń mú wá kí ó tó dákẹ́, nígbà tí ènìyàn wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ tí a ti la ikùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọgbọ́n wọ̀nyí kì í jáde nínú ìdánwò, bẹ́ẹ̀ ni a kì í rí i rà lọ́jà.

A rí i gbangba ní ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola bá arìnrìn-àjò kan láti Làìbéríà wọ Èkó. Ilé ìwòsàn First Consultants ní Ọ̀bálẹ́ndé ni wọ́n gbé e lọ, ibẹ̀ sì ni Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ti lo ọdún 21. Kò rí Ebola rí, kò sì sí ẹni tí ó rí i rí ní ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ojú tí ó ti wo àìsàn fún ọdún púpọ̀ mọ̀ pé èyí kì í ṣe ibà lásán, nígbà tí àwọn aláṣẹ ilẹ̀ òkèèrè sì ń fúngun mọ́ ọn pé kí ó tú ọkùnrin náà sílẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Àrùn náà pa á ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún náà. Ènìyàn 20 ni ó kó àrùn náà ní gbogbo Nàìjíríà, àwọn mẹ́jọ ni ó kú, nígbà tí ó sì di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ilẹ̀ wa ti bọ́. Kí a má sì ṣe gbàgbé pé nọ́ọ̀sì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ àti obìnrin tí ń tún wọ́ọ̀dù ṣe wà lára àwọn tí ó bá ọ̀ràn náà lọ. Ẹni tuntun náà lè ṣe akin, òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù náà sì lè fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti pẹ́ ni ó dá àrùn náà mọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ní UCH pàápàá, láti apá ìparí ọdún 2024 títí di oṣù kejì ọdún 2025, iná ọba kò sí fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ nítorí gbèsè àti àríyànjiyàn lórí owó iná. Nínú òkùnkùn náà, àwọn òṣìṣẹ́ kan ṣì ń tọ́jú aláìsàn. Kò sí àwo ìrántí kan tí ó ṣe wẹ́kú irú ìfaradà bẹ́ẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò jiyàn pé pípẹ́ nìkan kì í ṣe ẹ̀yẹ, àwa náà kò sì sọ pé ẹ̀yẹ ni. Ta ni kò tíì bá sístà pàdé rí, ẹni tí ń jágbe mọ́ aboyún bí ẹni ń lé ewúrẹ́, tàbí akọ̀wé tí kò rí fáìlì àyàfi bí ọwọ́ aláìsàn bá kọ́kọ́ wọ àpò? Bí ó ti wù kí igi pẹ́ tó nínú odò, kò lè di ọ̀nì. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí a má fi ìwé ìgbanisíṣẹ́ nìkan mọ ẹni tí a ó yẹ́ sí. Kí àwọn aláṣẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké pé ta ni ó kọ́ wọn níṣẹ́ láìfi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ti ẹnu àwọn wọ̀nyí jáde, òun ni kí a gbé sórí àga. Nígbà náà ni ẹni tí ó pẹ́ tí kò sì wúlò yóò mọ̀ pé ọdún tí òun kà kò ka nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti di kánjúkánjú lónìí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé ẹni tí yóò jogún ìmọ̀ náà kò dúró mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì wa ń kó lọ sí ìlú ọba, Amẹ́ríkà, Kánádà àti ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá. Bí àgbà kan bá fẹ̀yìn tì ní àkókò tí òfin iṣẹ́ ọba là sílẹ̀, àga rẹ̀ lè ṣófo fún ìgbà pípẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ tí ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ṣe òfin pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn tí ó gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó lè jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè, àwọn nọ́ọ̀sì sì yọ síta láti fi ẹ̀hónú hàn. A mọ ohun tí ó mú kí àjọ náà wá nǹkan ṣe. Ṣùgbọ́n okùn òfin kì í so ọkàn mọ́ iṣẹ́. Ojú ni ọ̀dọ́ fi ń mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró sí. Bí ó bá rí ọ̀gá rẹ̀ tí ó fi ọdún 35 sin ìlú, tí ọ̀gá náà ń gun òkè ọ́fíìsì, tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú àpò ìwé lábẹ́ apá, tí ó ń wá owó tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò sí ìwàásù tí a lè wàásù fún ọ̀dọ́ náà mọ́.

Níbi owó yìí gan-an ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2004, èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2014, sọ pé kí òṣìṣẹ́ máa dá ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sí àpò ìfẹ̀yìntì, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìdá mẹ́wàá kún un. Òfin tí ó dára ni, bí a bá ń pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ti òṣìṣẹ́ ni a máa ń yọ láìyẹ̀, ti ìjọba ni kì í tètè dé. Àgbà tí a fi ìlù àti orin sin jáde ní oṣù kìn-ín-ní lè máà tíì gba owó rẹ̀ nígbà tí ọdún bá yí po, láàárín àkókò náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ tọ́jú lára ẹlòmíràn yóò sì máa bá òun náà jà nínú ilé. Kí ẹni tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún nínú ilé ìwòsàn kan padà wá síbẹ̀ ní aláìsàn, kí wọ́n ní kí ó lọ san owó ìdúró kí a tó wò ó: ẹ jọ̀wọ́, níbo ni àwo ìrántí rẹ̀ wà lọ́jọ́ náà?

A tún gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ àwọn tí kò lè pẹ́ láé ní ojú ìwé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pẹ́ ní ojú ayé. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn lónìí, agbaṣẹ́ṣe ni ó ń kó àwọn agbálẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ àti àwọn tí ń fọ aṣọ wá. Bí wọ́n bá pààrọ̀ agbaṣẹ́ṣe, ọdún tí obìnrin kan ti kà yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí oódo, bí ẹni pé ìgbálẹ̀ kan náà kọ́ ni ó ti ń mú lọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù kan náà. Irú àwọn wọ̀nyí ni a kì í pè jáde lábẹ́ àtíbàbà. Ilé ìwòsàn tí ó mọ ohun tí àìmọ́tótó lè fi ojú egbò ṣe kò gbọdọ̀ fojú di ẹni tí ń lé àìmọ́tótó jáde.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìgbìmọ̀ aláṣẹ ilé ìwòsàn, lọ́wọ́ àwọn gómìnà àti lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ kò ṣòro láti lóye. Kí ẹni tí ó bá ku ọdún méjì kí ó fẹ̀yìn tì máa ní ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí yóò máa tẹ̀lé e nídìí iṣẹ́, kí a sì san owó ìkọ́ni fún un, kí a má ṣe sọ ọ́ di àánú. Kí a máa kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí a ka ọdún agbálẹ̀ bí a ti ń ka ọdún ọ̀gá dókítà, agbaṣẹ́ṣe yòówù kí ó gbà á síṣẹ́. Kí ilé ìwòsàn máa tọ́jú ẹni tí ó fẹ̀yìn tì níbẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwa ará ìlú náà ní ti wa láti ṣe: àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí ń fi oyè dá olówó lọ́lá lọ́dọọdún lè wo àpẹẹrẹ Ìṣẹrì, kí wọ́n fi oyè kan dá agbẹ̀bí tí ó gba ìdajì ìlú sí ọwọ́ lọ́lá.

Ní tiyín, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbẹ̀, ẹ̀yin a-fi-òru-ṣọ̀sán kí ọ̀sán ẹlòmíràn má baà di òru, ẹ̀yin a-gbọ́-ìkérora-má-dijú, ẹ̀yin tí ẹ gba ọmọ tuntun sí ọwọ́ tí ẹ sì pa ojú àgbà dé, a kí yín, a tún yín kí. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnira, ẹ kú àforítì. Ẹ ó jèrè iṣẹ́ ọwọ́ yín ní ojú ayé yín.

Ṣùgbọ́n àdúrà nìkan kò tó fún ẹni tí ó ní owó nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní ọdún tí ń bọ̀, nígbà tí wọ́n bá tún pa àtíbàbà sí ọgbà, kí alága ìgbìmọ̀ tó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, kí ó kọ́kọ́ sọ fún ìjọ ènìyàn iye àwọn tí a yẹ́ sí ní ọdún tí ó kọjá tí wọ́n ti gba gbogbo owó wọn, àti iye àwọn tí kò tíì gbà. Bí ó bá lè ka ìṣirò náà jáde láìsí ìtìjú, kí onílù máa lùlù.